Ìyàwó Onítáyà Mẹ́rin ti Ilé Alápẹ̀rẹ̀

Ẹni tí ń sọ ìtàn yìí jẹ́ ọmọ bíbí Kúdẹtì, iṣẹ́ tirẹ̀ kò sì ju kí ó to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ bí ó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Àwọn tí ń gbọ́ ọ ni ẹ̀yin tí ẹ ti gun òkè Mápó rí tí èémí yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ẹrù lérí fo gọ́tà Ọjà'ba kọjá. Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ọmọ ilé. Àti ẹ̀yin tí ẹ di ipò mú, bí ẹ bá lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ láìsí ẹni tí ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí yín. A ti mọ ara wa. Ó yá.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn ni Alhaji Misbaudeen Àkànní, ọmọ Agbo Ilé Alápẹ̀rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà, Olùdarí Àgbà fún Ojú Ọ̀nà Tóóró àti Gọ́tà ní káńsù kan tí a kò ní dárúkọ. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo oyè náà. Òun fúnra rẹ̀ kò fi ojú kékeré wò ó. Ó kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo orúkọ ìyìn tó bá a rìn, títí ilẹ̀kùn fi tán, tí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn fi bọ́ sórí ògiri. Bí ó bá sín, Basit akọ̀wé rẹ̀ a ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà." Bí ó bá sùn lọ lórí àga, Basit a sọ fún àwọn tó ń dúró dè é pé ọ̀gá ń bá ọjọ́ iwájú sọ̀rọ̀, kí wọ́n padà wá lọ́la.

Iṣẹ́ tó fi gbayì jù lọ ni gọ́tà Oríta-mẹ́rin. Ó ti ṣí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àsọyé tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ tí ó sì dá kí ó tó parí. Ó ní kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà náà yóò gbé erin, yóò gbé ọmọ erin, yóò sì gbé ẹni tó bá wá wòran wọn. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn awakọ̀ ẹlẹ́rù kò pàtẹ́wọ́, wọ́n kàn ń yà gba ẹ̀gbẹ́ kejì láti ọjọ́ náà. Kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Misbaudeen ń wá láyé ní àkókò tí à ń wí yìí: ó fẹ́ di Mọ́gàjí Ilé Alápẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé Mọ́gàjí ni olórí agbo ilé, ibẹ̀ sì ni àkàbà oyè ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́gàjí àtijọ́ ti papò dà, wọ́n ti ṣe fìdáù rẹ̀, ẹbí sì ti fi ìpàdé sí Sátidé tó parí oṣù. Ẹni méjì ni wọ́n dárúkọ. Misbaudeen ni èkíní. Èkejì ni ìbátan rẹ̀ Sàláúdéènì, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju àyè tí ewúrẹ́ fi ń yí padà lọ, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nítorí pé abẹ́rẹ́ sábà máa ń wà láàrin ètè rẹ̀.

Àwọn baba onírùngbọ̀n ni wọn yóò jókòó sórí àga ní ọjọ́ ìpàdé, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ ẹni tí wọn yóò máa wojú rẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu. Alhaja Waliyat ni, àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin tí a bí sínú ilé náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ènìyàn fẹ́ sọ kí olúwarẹ̀ tó fi omi tu ọ̀fun.

Misbaudeen ronú sí ọ̀rọ̀ náà. Sàláúdéènì ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Bí òun bá gun mọ́tò lásán, ènìyàn méjì tí wọ́n gun nǹkan ni àwọn méjèèjì yóò jẹ́. Ó yẹ kí òun gun ohun tí Bẹyẹrúnkà kò rí rí. Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ lọ sórí mọ́tò asáré, irú èyí tí àwọn ọlọ́rọ̀ òkè òkun fi ń sá eré ìje, tí kò ga ju ìtìsẹ̀ lọ.

Ní Òkè Bọ́lá, ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Olúgbénga, tí ń ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ń tún wọn ṣe pẹ̀lú. Aládùúrà ni. Ó máa ń wọ aṣọ funfun ní ọjọ́ ìsinmi àti aṣọ olóyìlì ní àwọn ọjọ́ yòókù, ẹnu rẹ̀ sì máa ń dùn lójoojúmọ́. Méjì ni ó ní ní àgbàlá rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti sọ pupa ní Alángbá, nítorí pé bí wọ́n bá ti ta á jí, yóò sáré díẹ̀, yóò dúró gbọn-in, yóò sì máa mi orí. Wọ́n sọ aláwọ̀ ewé ní Ọ̀nì, nítorí pé ó gùn, ó sùn mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì tóbi. Ilẹ̀kùn Ọ̀nì kì í ṣí sí ẹ̀gbẹ́. Òkè ni ó ń gbà lọ, bí apá àkùkọ tó fẹ́ kọ.

"Alhaji," Olúgbénga wí, "n kò ní purọ́ fún yín, nítorí pé a óò jọ máa rí ara wa. Bí wíwà ni ẹ bá fẹ́, Alángbá ni. Kò sí ohun tó lè lé e bá. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan inú òun. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé e sílé, kí ẹ máa tú u, kí ẹ máa fi tibí kún un, kí ẹ máa yọ tọ̀hún kúrò, Ọ̀nì ni. Ọ̀nì gba àtúnṣe. Sípánà kan ṣoṣo, ẹ ó tú u palẹ̀ nínú ọgbà yín."

Ènìyàn lásán ìbá mú ọ̀kan. Olùdarí Àgbà gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Basit ni alága ìgbìmọ̀ náà, òun ni akọ̀wé, òun sì ni ọmọ ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ jókòó, èyí ni pé Basit jókòó. Ìgbìmọ̀ fẹnu kò, èyí ni pé Basit pa ẹnu dé. Ó wá jábọ̀ pé èyí tí ọ̀gá bá fẹ́ràn ni ó dára jù.

Wọ́n kọ́kọ́ dán Alángbá wò. Misbaudeen wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń wọ inú bàtà, ó sì forí lé Oríta-mẹ́rin. Ọ̀nà dídán ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sáré lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni ó kan òkìtì tí wọ́n fi ń dá eré ọkọ̀ dúró, ikùn ọkọ̀ sì gùn ún lórí. Táyà iwájú wà lókè, táyà ẹ̀yìn wà lókè, àárín ló jókòó. Ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, ọkọ̀ kò lọ sí ibì kan. Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń wò ó. Misbaudeen juwọ́ sí wọn. Ó rò pé wọ́n wá kí òun ni.

Ọ̀nì náà há, ṣùgbọ́n Olúgbénga ní èyí kò le. Òun yóò gbé e ga. Bí Ọ̀nì ṣe borí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìpinnu wáyé ní àgbàlá Olúgbénga, níwájú Basit àti ọkùnrin kan tó wá ra bátìrì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," Misbaudeen wí, "àkókò kan ń bọ̀ nínú ìrìn àjò orílẹ̀-èdè tí aṣíwájú gbọ́dọ̀ yàn láàrin eré àti àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ ti yan eré. Níbo ni wọ́n sá dé? Èmi yan àtúnṣe. N óò tún ọkọ̀ yìí ṣe nínú ilé baba mi, lójú ọmọdé, lójú àgbà, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí bí a ti í tún nǹkan ṣe. Ọwọ́ mìíràn kò sì ní kan ìdarí rẹ̀ àfi tèmi."

Basit nu ojú rẹ̀ bí ẹni tí omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ọkùnrin tó wá ra bátìrì béèrè bóyá òun lè máa lọ.

Ìdààmú kan ló kù. Ẹnu ọ̀nà Ilé Alápẹ̀rẹ̀ kò gba ọkọ̀. Àwọn tó kọ́ ọ kò rò ju ènìyàn àti ẹran lọ. Misbaudeen ní kí wọ́n wó o. Wọ́n wó àbáwọlé náà, wọ́n wó pèpéle tí àwọn obìnrin fi ń jókòó lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n sì gbé ọlọ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jù sẹ́yìn ilé. Alhaja Waliyat, tó ti ń jókòó sórí pèpéle náà láti ìgbà ọmọge rẹ̀, jáde wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó na ọ̀pá sí ibi tí ó yẹ kó wà, ọ̀pá kan òfuurufú. Ó dúró díẹ̀, ó padà sínú ilé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìdúró yẹn.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni Ọ̀nì dé, lórí ọkọ̀ akẹ́rù kan. Àwọn ọmọkùnrin ilé ni wọ́n gbé e kọjá lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ikùn rẹ̀ kò lè gùn ún. Bí wọ́n ti ń gbé e bọ̀ lọ́wọ́, tí ó ń dán, tí wọ́n sì fi aṣọ léèsì bò ó lójú, Basit rí i, ìmísí sì bà lé e.

"Sà," ó ní, "ṣé ohun tó lẹ́wà báyìí ni yóò kàn wọlé bí ewúrẹ́? Ìyàwó ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Misbaudeen lára bí òróró. Ó rí i lọ́kàn ara rẹ̀ bí Ìbàdàn yóò ti máa sọ ọ́: ọkùnrin tí mọ́tò rẹ̀ wọlé bí ìyàwó. Ó ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin ilé. Zulaihat, aya rẹ̀, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ọjà'ba, jáde wá, ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Alhaja Waliyat dé kẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ pa ara táyà, ó fi pa gíláàsì, ó wá dojú kọ ibi tí ohùn Misbaudeen ti ń wá.

"Misbau, ṣé ìwọ lo ní kí á wẹ ẹsẹ̀ ohun yìí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Bí a ti ń wẹ ti ìyàwó ilé?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ìyá. Kí ó má yẹ̀ rárá."

Kò sì tó o bẹ́ẹ̀. Ó gba máìkì lọ́wọ́ Basit, ó kéde pé kí Bẹyẹrúnkà gbọ́, kí Bẹẹrẹ gbọ́, kí òkè Mápó gbọ́ pẹ̀lú gbogbo òpó rẹ̀, pé láti òní lọ, ìyàwó Ilé Alápẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ yìí.

"A gbọ́," Alhaja Waliyat wí. "Ẹ bu omi wá."

Wọ́n wẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n kọrin ìyàwó. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyàwó ilé ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ fún àwọn yòókù láyè kí n ṣàlàyé fún wọn. Nínú agbo ilé, obìnrin tí a bá ti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ ẹ nìkan mọ́. Gbogbo ọmọ tí a bí sínú ilé náà ni ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Bí wọ́n ti wọlé ni wọ́n ti ń ṣe àgbà síra wọn, ẹni tó sì wọlé kẹ́yìn ni gbogbo ilé ń rán níṣẹ́. Misbaudeen mọ èyí bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn ti dí i létí, kò sì rántí ohun tó mọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀pá kan kan orí ọkọ̀: kó, kó, kó. Misbaudeen yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyàwó," Alhaja Waliyat ń sọ fún ọkọ̀ náà, "ilẹ̀ ti mọ́. O kò kí ẹnikẹ́ni."

"Ìyá," Misbaudeen wí, "ọkọ̀ ni. Kò lè sọ̀rọ̀."

"Ó ní fèrè."

Olùdarí Àgbà wo ojú ìyá náà, ó ronú kan Sátidé ìpàdé tó ń bọ̀ ní ìparí oṣù, ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti aṣọ ìsùn, ó sì tẹ fèrè. Alhaja Waliyat ní kí ìyàwó pẹ́ fún àwọn, ó bi í bí ó ti sùn, ó wá ní kó bá òun gbé àgbàdo tí wọ́n rẹ lọ sí ẹ̀rọ ìlọta, níwọ̀n bí ọlọ ti kúrò níbi tó wà. Misbaudeen ní òun yóò wá ẹni tí yóò wà á. Alhaja rán an létí, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, pé òun ló sọ pé ọwọ́ mìíràn kò ní kan ìdarí rẹ̀; Olúgbénga ti ròyìn ọ̀rọ̀ àsọyé náà délé. Bí ọkùnrin náà ṣe gbé omi ògì káàkiri Bẹyẹrúnkà nìyẹn, tí àwọn ọlọ́kadà ń kí i pé, "Alhaji, ẹ kú ìyàwó," tí òun náà ń dáhùn.

Nígbà tí ó dé, Zulaihat ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó mi, káàbọ̀," ó wí fún ọkọ̀ náà. "Èmi ni ìyálé rẹ. Sinmi díẹ̀, o óò gbé mi lọ sọ́jà."

"Zulaihat," Misbaudeen wí, "ìwọ náà?"

"Alhaji, n kò ṣe ìlara rárá. Ẹ bi mí léèrè kí ẹ tó fẹ́ ẹ? Ẹ kò bi mí. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Kí òun náà gbà mí."

Láti ọjọ́ náà ni àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Olúgbénga ń wá lójoojúmọ́, ó ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ Ọ̀nì nínú ọgbà, gbogbo ilé ń wò ó, bí aṣíwájú ti ṣèlérí. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó fi ti ọkọ̀ akẹ́rù rọ́pò. Ó yọ táyà rẹ̀, ó fi ti tipá tí ń kó yẹ̀pẹ̀ sí i. Ọkọ̀ tí a rà nítorí pé kò ga ju ìtìsẹ̀ lọ wá ga débi pé Basit gbọ́dọ̀ gbé àpótí tẹ̀lé ọ̀gá kó tó lè gùn ún. Zulaihat bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò kúkú ra èyí tó ti ga láti ilé rẹ̀ wá. Ó dá a lóhùn pé obìnrin kò mọ nǹkan kan nípa ìdàgbàsókè. Zulaihat ní ó yé òun, ó sì ń ká òwú rẹ̀ lọ.

Bí ọkọ̀ ti ń ga sí i ni ẹrù tí ó lè rù ń pọ̀ sí i, èyí kò sì bọ́ lójú àwọn obìnrin ilé. Wọ́n ní orí ìyàwó ṣófo, wọ́n ní kí Olúgbénga jó irin mọ́ ọn kí ó lè ru agbọ̀n. Misbaudeen jẹ́ kí ó jó o, ó ní adé ni. Lẹ́yìn adé yìí, ilẹ̀kùn tí ń ṣí gba òkè kò lè ṣí ju ìlàjì lọ mọ́. Olùdarí Àgbà ń yọ́ wọlé lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan tó bọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ó kó ata. Ó kó èlùbọ́. Ó gbé àgbò ìsọmọlórúkọ kọjá níwájú ọ́fíìsì ara rẹ̀, àgbò náà yọ orí lójú fèrèsé, Basit sì dìde kí i kí ó tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀gá.

Ó ń dùn ún. Ó ń fara dà á. Lálaalẹ́ ni ó ń ka ọjọ́ tó kù sí Sátidé, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá ti jẹ Mọ́gàjí, òfin kìíní tí òun yóò ṣe ni pé kí ọkọ̀ padà di ọkọ̀.

Ìgbà náà ni alága káńsù ránṣẹ́ sí i. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Sẹkitéríátì ní ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ méjì sí ìpàdé ẹbí, láti wá wo gọ́tà Oríta-mẹ́rin. Misbaudeen yọ̀. Ó múra sí agbádá tí kò wọ̀ rí. Ó fẹ́ dé síbẹ̀ lórí Ọ̀nì, kí ó dúró sí àárín gbùngbùn kọnkéré náà, kí ó sì sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yọ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó bá Alhaja Waliyat lórí ìjókòó iwájú, ó bá ìyá àgbà méjì mìíràn nínú àyè ẹ̀yìn, ata àti tòmátì sì kún orí adé.

"Ìyá, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń lọ."

"A gbọ́ pé Oríta-mẹ́rin ni. Ẹ̀rọ ata wà níbẹ̀."

Ó tún ronú kan Sátidé. Ó wakọ̀.

Àwọn àlejò ti dúró sí etí gọ́tà pẹ̀lú alága káńsù, èrò sì ti pé jọ. Misbaudeen fọn fèrè, ó rọra wọ orí ìbòrí gọ́tà náà, ó dúró sí àárín rẹ̀ bí ó ti pinnu, ó sì yọ orí lójú fèrèsé.

Ó yẹ kí n sọ fún yín níhìn-ín pé kì í ṣe kọnkéré ni ó wà níbẹ̀. Pákó ni, tí wọ́n fi ọ̀dà eérú kùn. Misbaudeen ti mọ èyí nígbà kan rí, nítorí pé òun ló ní kí wọ́n kùn ún. Ṣùgbọ́n ó ti fi máìkì sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé kọnkéré ni, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbà á gbọ́. Ó ń rin orí rẹ̀ lọ, ó ń rin orí rẹ̀ bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí òkúta.

"Ẹ̀yin àlejò wa ọlọ́lá," ó bẹ̀rẹ̀, "ohun tí mo dúró lé lórí yìí—"

Kò parí rẹ̀. Pákó náà dún lẹ́ẹ̀kan, ó tún dún, Ọ̀nì sì rọra wọlẹ̀, táyà tipá rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, ara rẹ̀ tẹ̀lé e, títí ó fi jókòó sínú gọ́tà tí omi dúdú sì kan fèrèsé. Ata ya lulẹ̀ lórí adé, ó bo fìlà Misbaudeen. Ó ti ilẹ̀kùn. Irin adé ti há sábẹ́ pákó tó kù, kò ṣí rárá.

Basit, tó ti ṣáájú dúró ti àwọn àlejò, ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ẹ wo bí ọ̀gá ti rẹ ara wọn sílẹ̀," ó wí fún àwọn àlejò. "Wọ́n fúnra wọn ló sọ̀ kalẹ̀ lọ wo inú gọ́tà."

"Àyẹ̀wò ni," Misbaudeen wí láti ìsàlẹ̀, tòmátì ń ṣàn sí i lójú. "Ohun tí ẹ rí yìí, àyẹ̀wò ni. A máa ń ṣe é."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ègé pákó kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó wo ibi tí ọ̀dà kò dé. Ó fi í lé alága káńsù lọ́wọ́. Alága wò ó, ó wo ojú ọ̀nà, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Nínú Ọ̀nì, Alhaja Waliyat kò tí ì mira. "Misbau," ó wí, "pákó ni mo gbọ́ tó ṣẹ́ yẹn."

Sàláúdéènì ni wọ́n sáré lọ pè. Ó dé tòun ti àwọn ọkùnrin ilé, òṣùwọ̀n télọ̀ ṣì wà ní ọrùn rẹ̀. Ó yí gọ́tà náà po, ó wò ó, ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí á gbé ìyàwó wa." Wọ́n wọ inú omi dúdú. Wọ́n gbé e bí wọ́n ti gbé e ní ọjọ́ tó wọlé, pẹ̀lú ìyá mẹ́ta àti Olùdarí Àgbà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Irin adé ti tẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀; ojú fèrèsé ni wọ́n ti fa Misbaudeen jáde. Agbádá rẹ̀ há síbẹ̀. Àwọtẹ́lẹ̀ ló fi délé.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, káńsù fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Misbaudeen kò jẹ́ kí ìyẹn pa òun. Sátidé ṣì wà. Ó lọ sí Òkè Bọ́lá kí Olúgbénga lè gba ọkọ̀ padà. Olúgbénga fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé ọkọ̀ tí òun tà rẹlẹ̀, èyí ga. Èyí tí òun tà kò lórí irin. Àti pé, nípa ti ìjọ, òun kò lè gba aya aláya.

Sátidé pé. Ẹbí jókòó sí ibi tí àbáwọlé ti wà tẹ́lẹ̀, lábẹ́ oòrùn, nítorí pé kò sí ìbòòji níbẹ̀ mọ́. Ọ̀nì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Misbaudeen dìde, ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní ọ̀tá ni ó gbẹ́sẹ̀ lé òun. Ó ní wọ́n fi ìyàwó ìyàwó ba òun lórúkọ jẹ́ nígboro. Ta ni kò mọ̀ pé irin ni irin, pé mọ́tò kì í ṣe ènìyàn? Kí ẹbí dá a sílẹ̀ kí òun tà á, kí wọ́n sì fi òun jẹ Mọ́gàjí.

Àwọn baba onírùngbọ̀n wo Alhaja Waliyat.

"Misbau," ó wí, "n kò dìde, nítorí pé pèpéle tí mo fi ń ti ara mi dìde kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ tí a wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, o gba máìkì, o ní ìyàwó ni. Lónìí, o ní irin ni. Ní ọjọ́ tí o ṣí gọ́tà, o gba máìkì, o ní kọnkéré ni. Ní Àlàmísì, ó ṣẹ́ lábẹ́ ìdí mi, pákó ni. Bí a bá fi ọ́ jẹ Mọ́gàjí lónìí, kí ni yóò jẹ́ lọ́la?"

Misbaudeen la ẹnu. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì. Kò sí máìkì nítòsí. Ó jókòó.

Bí ọ̀rọ̀ olúkúlùkù ti rí nìyí.

Sàláúdéènì jẹ Mọ́gàjí. Ó ṣì ń ránṣọ. Pèpéle ni ó kọ́kọ́ tún kọ́, ó sì gbé ọlọ padà.

Alhaja Waliyat ń jókòó sórí pèpéle náà lẹ́yìn ìrun àsárì.

Basit wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Bí ọ̀gá tuntun bá sín, ó ń kí i kú iṣẹ́ ìlú.

Olúgbénga ti ta Alángbá fún òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn, ẹni tó ń fẹ́ eré.

Gọ́tà Oríta-mẹ́rin kò tí ì ní ìbòrí. Àwọn ènìyàn ń fò ó.

Zulaihat ti gba ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ọjà'ba. Ẹrù rẹ̀ ń dé kí ti ẹlòmíràn tó dé.

Misbaudeen ni ó ń gbé e. Ọwọ́ mìíràn kò kan ìdarí náà títí di òní.

Ọ̀nì ṣì wà nínú Ilé Alápẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó tuntun kan wọlé lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, wọ́n mú un yí ká láti kí àwọn tó bá nílé. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ọkọ̀, ó ń wojú Alhaja Waliyat. Alhaja ní, "Ó ṣáájú rẹ wọlé." Ìyàwó náà kúnlẹ̀. Misbaudeen tẹ fèrè.